Bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared wá ìràwọ̀ ọ̀dọ́ nínú ìkùukùu Rho Ophiuchi

Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, nítorí pé àwọn dátà tí a nílò ti wà ní gbangba lọ́fẹ̀ẹ́, a kò sì ní láti ní awò-awọ̀nàjíjìn tiwa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni pé kí a wo agbègbè kan lójú ọ̀run níbi tí gáàsì àti eruku ti ṣù jọ gidigidi, kí a sì ya àwọn ìràwọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá níbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ mìíràn tí wọ́n kàn wà lẹ́yìn tàbí níwájú rẹ̀. Ohun tí ó máa ń tan olùbẹ̀rẹ̀ jẹ jù ni pé ìràwọ̀ tí ó pupa nínú infrared kì í ṣe ìràwọ̀ ọ̀dọ́ dandan: ó lè jẹ́ ìràwọ̀ àgbà tí ó jìnnà réré sẹ́yìn ìkùukùu, tí eruku tí ó wà láàárín àwa àti òun sọ di pupa. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀lé e yìí dá lórí bí a ṣe ń mọ̀ bóyá eruku tí ó mú kí ìràwọ̀ kan pupa jẹ́ eruku ojú ọ̀nà tàbí eruku tí ó yí ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀ ká.

Ìdí tí a fi ń lo infrared

Ní ọdún 1800 ni William Herschel ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí, tí ó wà ní ìkọjá àwọ̀ pupa, tí ó sì ń mú kí tẹmómítà gbóná. Ìtànṣán yìí ni à ń pè ní infrared. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ń rí wà láàárín nǹkan bíi 0.4 sí 0.7 máíkírọ́ọ̀nù (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà), ibi tí ti ojú parí sí ni infrared ti bẹ̀rẹ̀, ó sì nà dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún máíkírọ́ọ̀nù.

Eruku inú ìkùukùu mọ́líkù, ìyẹn irú ìkùukùu gáàsì àti eruku tí à ń sọ yìí, kéré gan-an, ọ̀pọ̀ hóró rẹ̀ ni kò tó máíkírọ́ọ̀nù kan ní fífẹ̀, nítorí náà ó ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú lọ́nà ju èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn lọ. Magnitude ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìmọ́lẹ̀ náà ń kéré sí i, magnitude 5 sì jẹ́ ìyàtọ̀ ìlọ́po 100. Níbi tí eruku bá dín ìmọ́lẹ̀ ojú kù ní magnitude 10, ìdá kan nínú 10,000 péré ni yóò kọjá. Ní 2.2 máíkírọ́ọ̀nù, ìdínkù eruku kan náà kò ju nǹkan bíi magnitude 1.1 lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Ìdí kejì ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ fún iṣẹ́ wa. Ìràwọ̀ ọ̀dọ́ kì í dá wà; àwo eruku àti gáàsì máa ń yí i ká, níbi tí pílánẹ́ẹ̀tì lè ti jáde lọ́jọ́ iwájú, ìràwọ̀ náà sì ń mú kí eruku àwo yìí gbóná. Eruku tí ó gbóná tó Kelvin 1500, tí ó súnmọ́ ìràwọ̀ náà pẹ́kípẹ́kí, ń tàn jù ní nǹkan bíi 2 máíkírọ́ọ̀nù. Èyí tí ó wà ní Kelvin 300 ń tàn jù ní nǹkan bíi 10. Èyí tí ó tutù dé Kelvin 30 ń tàn jù ní nǹkan bíi 100. Eruku ojú ọ̀nà ń mú ìmọ́lẹ̀ kúrò ni, eruku àwo sì ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni a óò dúró.

Ìkùukùu tí a yàn

Àpẹẹrẹ wa ni L1688, èyí tí ó jẹ́ ibi tí ó ki jù nínú ìkùukùu Rho Ophiuchi. Ó jìnnà sí wa tó nǹkan bíi parsec 140, ìyẹn nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 450, àwọn ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tí a sì ti mọ̀ nínú rẹ̀ lé ní 300. Àárín rẹ̀ wà ní wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 27 ní right ascension (ipò lójú ọ̀run láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, tí a ń fi wákàtí kà), àti dígírì 24 àti ààbọ̀ ní gúúsù ìlà ìdajì ọ̀run. Ẹni tí ó bá wà ní ilẹ̀ Yorùbá lè fi ojú lásán wá ibẹ̀ ní alẹ́ oṣù Kẹfà, bí ìkùukùu òjò bá gbà á láyè: kí ó wá Antares, ìràwọ̀ pupa tí ó mọ́lẹ̀ jù nínú àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Scorpius, ibẹ̀ kò jìnnà sí i rárá. Antares alára pupa, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọ̀dọ́ tàbí nítorí eruku. Ojú ara rẹ̀ ni ó tutù ju ti oòrùn lọ. Àwọn ohun tí ó lè mú ìràwọ̀ pupa tipa bẹ́ẹ̀ di mẹ́ta.

A lè yan Orion, níbi tí Eric Becklin àti Gerry Neugebauer ti rí ohun kan tí ó ń tàn gidigidi nínú infrared ní ọdún 1967 nígbà tí àwòrán ojú kò fi nǹkan kan hàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Orion jìnnà ju ìlọ́po méjì lọ sí ti L1688, gáàsì tí ó ń tàn níbẹ̀ sì máa ń da ìwọ̀n rú. A lè yan Taurus, tí ó súnmọ́ wa bákan náà. Àbùkù tirẹ̀ ni pé àwọn ìràwọ̀ ọ̀dọ́ rẹ̀ fọ́n ká lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ dígírì, ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ yóò sì rẹ̀ kí ó tó rí mẹ́wàá. L1688 ṣù jọ, ó súnmọ́, àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ sì pọ̀, láti ìgbà tí Grasdalen àti àwọn onímọ̀ méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Strom ti ya àwòrán rẹ̀ ní 2 máíkírọ́ọ̀nù ní ọdún 1973, títí dé àwòrán tí awò-awọ̀nàjíjìn James Webb gbé jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2023, nínú èyí tí nǹkan bí 50 ìràwọ̀ ọ̀dọ́ ti hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yóò lè yẹ ìdáhùn yín wò pẹ̀lú ti àwọn tí ó ṣáájú.

Ẹ wo àwòrán kí ẹ tó gba tábìlì

Ẹ lọ sí IRSA, àká dátà infrared tí ó wà ní Caltech ní ìlú Pasadena, kí ẹ sì ṣí irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Finder Chart. Ẹ tẹ ipò L1688 sí i, yóò sì kó àwòrán ibi kan náà jáde ní oríṣiríṣi gígùn ìgbì. Aladin, tí ó wà ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ń ṣe iṣẹ́ tí ó jọ ọ́, ó sì rọrùn fún ẹni tí ó fẹ́ máa gbé àwòrán kan lé òmíràn.

Ẹ má ṣe yára kọjá níbí. Nínú àwòrán ìmọ́lẹ̀ ojú, ẹ óò rí òkùnkùn tí ó dà bí ihò, bí ẹni pé kò sí ìràwọ̀ níbẹ̀. Nínú àwòrán 2.2 máíkírọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ yóò yọ jáde láti inú òkùnkùn náà. Tí ẹ bá dé 12 àti 22 máíkírọ́ọ̀nù, ìkùukùu náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa tàn, pàápàá ní àyíká ìràwọ̀ méjì tí ó gbóná, HD 147889 àti S1, tí ìtànṣán wọn ń mú kí àwọn mọ́líkù kábọ̀n ńláńlá tàn. Ẹ kọ ibi tí ìtàn yìí ti pọ̀ sílẹ̀, nítorí pé ní àwọn ibẹ̀ ni kátálọ́ọ̀gù yóò ti purọ́ fún yín jù lọ: ètò kọ̀ǹpútà tí ó kó o jọ máa ń ka apá ìkùukùu tí ó tàn sí ìràwọ̀.

Gbígba dátà àti fífọ̀ ọ́ mọ́

Orísun méjì ni ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni 2MASS, tí ó fi awò-awọ̀nàjíjìn méjì tí fífẹ̀ wọn jẹ́ mítà 1.3, ọ̀kan ní Arizona, èkejì ní orílẹ̀-èdè Chile, ya àwòrán gbogbo ọ̀run láti 1997 sí 2001, ní àsẹ́ ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta: J ní 1.25 máíkírọ́ọ̀nù, H ní 1.65, àti Ks ní 2.16. Èkejì ni WISE, sátẹ́láìtì tí a fi ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, tí ó ní àsẹ́ mẹ́rin: W1 ní 3.4, W2 ní 4.6, W3 ní 12, àti W4 ní 22 máíkírọ́ọ̀nù. Kátálọ́ọ̀gù AllWISE ti so orísun méjèèjì pọ̀ fún wa, nítorí pé ìwọ̀n J, H àti Ks láti inú 2MASS wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú ti WISE. Ẹ yan AllWISE ní IRSA, ẹ fi 246.75 àti -24.5 ṣe àárín ní dígírì, kí ẹ sì béèrè fún gbogbo ohun tí ó wà láàárín ìdajì dígírì sí i. Ìdajì dígírì yìí jẹ́ nǹkan bíi parsec 1.2 ní ọ̀nà jíjìn L1688.

Ẹ gba tábìlì kejì lọ́jọ́ kan náà, tí ó tóbi bákan náà, láti ibi tí kò sí ìkùukùu ṣùgbọ́n tí ó jìnnà sí ìlà Ọ̀nà Wàrà (Milky Way) dọ́gba pẹ̀lú L1688. Irinṣẹ́ eruku tí ó wà ní IRSA yóò sọ fún yín bóyá ibẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí torí pé kò jọ pé ó wúlò, mo sì rò pé òun gan-an ni ó ń fi iṣẹ́ tí ó ṣeé gbà gbọ́ hàn yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣeé gbà gbọ́. Ibi òfìfo yìí ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí yín nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ àwọn afarawé, ìyẹn àwọn ohun tí ó jọ ìràwọ̀ ọ̀dọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun.

Ẹ ṣí tábìlì méjèèjì nínú TOPCAT, ètò ọ̀fẹ́ tí Mark Taylor ṣe ní Yunifásítì Bristol. Òpó tí ẹ kọ́kọ́ ní láti wò ni ph_qual, tí ó fi lẹ́tà kan sọ bí ìwọ̀n inú àsẹ́ kọ̀ọ̀kan ti dára tó: A ni ó dára jù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ fi ìlọ́po 10 ju ariwo (ìdàrú inú dátà) lọ; B wà láàárín 3 sí 10; U sì túmọ̀ sí pé a kò rí nǹkan kan gidi, òkè ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà lè dé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ má ṣe fi U ṣe ìṣirò bí ẹni pé ìwọ̀n gidi ni. Lẹ́yìn náà ni cc_flags: bí ẹ bá rí lẹ́tà ńlá D, P, H tàbí O níbẹ̀, ohun tí ẹ ń wò lè má jẹ́ ìràwọ̀ rárá, ó lè jẹ́ òjìji tí ìràwọ̀ mìíràn tí ó mọ́lẹ̀ dá sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Òpó ext_flg yóò sọ bóyá ohun náà rí gbàgìdì dípò kí ó rí bí àmì kékeré. Ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù náà ní ìṣòro tirẹ̀. W1 ti ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ ní nǹkan bíi magnitude 8, W2 ní nǹkan bíi 7.

Ohun kan wà tí lẹ́tà kankan kò lè sọ. Ojú WISE kò mú tó ti àwọn awò ńlá: ní W1 kò lè ya ohun méjì tí kò tó arcsecond 6 sí ara wọn sọ́tọ̀, ní W4 ó di arcsecond 12, arcsecond kan sì jẹ́ ìdá kan nínú 3600 dígírì. Ní L1688, arcsecond 12 jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1,700 ọ̀nà tí ó wà láàárín ayé àti oòrùn, ìràwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sì lè wà nínú àyè bẹ́ẹ̀ ní àárín agbo yìí. Níbi tí ìràwọ̀ bá ti fún mọ́ra, ẹ lo dátà Spitzer dípò WISE. Awò oní-sẹ̀ǹtímítà 85 yìí ṣiṣẹ́ láti 2003 sí 2020, ojú rẹ̀ mú dé nǹkan bí arcsecond 2 nínú àwọn àsẹ́ rẹ̀ tí ìgbì wọn kúrú jù, iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní c2d, tí Neal Evans darí, sì kárí Ophiuchus. Kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ wà ní IRSA bákan náà.

Yíya eruku ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára eruku àwo

Ẹ ya gíráàfù kan. Ẹ fi H dín Ks (magnitude H tí a yọ ti Ks kúrò nínú rẹ̀; bí ó bá ṣe tóbi tó ni ìràwọ̀ náà ṣe pupa tó) sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi J dín H sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ìràwọ̀ lásán tí kò ní eruku níwájú yóò wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, lórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan; àwọn ìràwọ̀ òmìrán àgbà, fún àpẹẹrẹ, wà ní àyíká 0.15 ní ìsàlẹ̀ àti 0.75 ní ẹ̀gbẹ́. Eruku ojú ọ̀nà ń ti gbogbo wọn lọ sí òkè lápá ọ̀tún, ní ìlà tí kò yà, tí ó fi ń gùn sókè ní nǹkan bíi 1.7 fún 1 tí ó rìn sápá ọ̀tún. Bí eruku bá ti pọ̀ tó, wọn kì í kúrò lórí òpópónà yìí.

Ká ní a rí ìràwọ̀ kan tí J rẹ̀ jẹ́ 15.00, tí H rẹ̀ jẹ́ 12.45, tí Ks rẹ̀ sì jẹ́ 11.25. J dín H jẹ́ 2.55, H dín Ks jẹ́ 1.20. Ó pupa gidigidi, olùbẹ̀rẹ̀ á sì fẹ́ kéde rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ipò òmìrán àgbà, ó gùn sókè ní 1.80, ó sì rìn sápá ọ̀tún ní 1.05, 1.80 tí a bá sì pín sí 1.05 jẹ́ nǹkan bíi 1.7. Orí òpópónà eruku gan-an ni ó wà. Bí a bá ṣe ìlọ́po 1.05 náà ní nǹkan bíi 16, a óò rí i pé eruku tí ó wà níwájú rẹ̀ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kù ní nǹkan bíi magnitude 17. Òmìrán àgbà tí ó wà lẹ́yìn ìkùukùu ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, a kò sì nílò àwo eruku kankan.

Ká tún ní ìràwọ̀ kejì, tí J dín H rẹ̀ jẹ́ 1.50, tí H dín Ks rẹ̀ sì jẹ́ 1.10. Kò pupa tó ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, bí a bá fa òpópónà eruku láti ibi tí àwọn ìràwọ̀ lásán tí ó pupa jù wà, ẹni tí H dín Ks rẹ̀ bá jẹ́ 1.10 yẹ kí ó ní J dín H tí kò kéré sí nǹkan bíi 1.9. Ìràwọ̀ yìí wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ dáadáa, ní apá ọ̀tún òpópónà, nítorí pé ohun kan ń fi ìmọ́lẹ̀ kún Ks rẹ̀ tí kò fi kún J. Eruku ojú ọ̀nà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò pupa tó nínú àwọn méjèèjì ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀dọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwo ni ó ń hàn ní 2 máíkírọ́ọ̀nù. Bí inú àwo náà bá ti ṣófo níbi tí ó súnmọ́ ìràwọ̀, tàbí tí ìràwọ̀ náà kò gbóná púpọ̀, àfikún náà kì í hàn títí a ó fi dé 3 tàbí 4 máíkírọ́ọ̀nù. Ìdí nìyí tí a fi ń ya gíráàfù kejì, tí a fi W2 dín W3 sí ìsàlẹ̀, tí a sì fi W1 dín W2 sí ẹ̀gbẹ́. Ojú ara ìràwọ̀ lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òdo nínú méjèèjì, eruku ojú ọ̀nà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sún un. Xavier Koenig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní ọdún 2012, fi ààlà sí W1 dín W2 tí ó ju 0.25 lọ, pẹ̀lú W2 dín W3 tí ó ju 1 lọ, fún àwọn tí ó ní àwo. Àwọn tí W1 dín W2 wọn bá ju 1 lọ, tí W2 dín W3 wọn sì ju 2 lọ, ni ó ṣì wà nínú àpò eruku tí wọ́n ti ń jáde. Ẹ yọ ìwọ̀n àìdánilójú kúrò nínú iye kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi wé ààlà.

Fífi ìràwọ̀ sí ìsọ̀rí

Ètò ìsọ̀rí tí gbogbo ayé ń lò lónìí ti inú ìkùukùu yìí gan-an jáde. Charles Lada àti Bruce Wilking ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1984 nígbà tí wọ́n ń wo L1688, Lada sì tún un tò ní 1987. A ń wo bí agbára tí ìràwọ̀ ń tú jáde ṣe ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ bí gígùn ìgbì ṣe ń pọ̀ sí i láti nǹkan bíi 2 dé nǹkan bíi 20 máíkírọ́ọ̀nù, ìwọ̀n ìgòkè tàbí ìsọ̀kalẹ̀ náà ni à ń pè ní alpha. Ààlà tí Thomas Greene àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi lélẹ̀ ní 1994 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀lé: láti 0.3 sókè jẹ́ Ìsọ̀rí I, ọmọ ìràwọ̀ tí àpò eruku ṣì bò, láàárín -0.3 àti 0.3 ni àwọn tí ìlà wọn tẹ́jú, láti -1.6 dé -0.3 jẹ́ Ìsọ̀rí II, tí ó ní àwo ṣùgbọ́n tí àpò rẹ̀ ti tú, nísàlẹ̀ -1.6 ni Ìsọ̀rí III, tí àwo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìràwọ̀ tí kò ní eruku rárá máa ń súnmọ́ -3.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ọ̀kan. Ká ní Ks jẹ́ 9.0, tí W4 sì jẹ́ 3.0. Kí a tó lè fi wọ́n wéra, a ní láti yí magnitude padà sí Jansky, ẹyọ tí a fi ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa: a ó gbé 10 sí agbára -0.4 lọ́nà magnitude náà, a ó sì fi iye ìbẹ̀rẹ̀ àsẹ́ náà ṣe ìlọ́po rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 666.7 fún Ks àti 8.363 fún W4. Ìdáhùn ni 0.167 fún Ks àti 0.528 fún W4. Níwọ̀n bí agbára tí a ń fẹ́ ti jẹ́ Jansky tí a pín sí gígùn ìgbì, 0.167 tí a pín sí 2.16 jẹ́ 0.0775, 0.528 tí a pín sí 22 sì jẹ́ 0.0240. Ẹ pín èkejì sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ mú lọ́gárídímù rẹ̀, yóò jẹ́ -0.51. Lọ́gárídímù 22 tí a pín sí 2.16 jẹ́ 1.01. Alpha jẹ́ nǹkan bíi -0.5, Ìsọ̀rí II nìyẹn. Nínú iṣẹ́ gidi, ẹ má ṣe fi àmì méjì péré ṣe é; ẹ fa ìlà títọ́ gba àárín gbogbo àsẹ́ tí ó wà láti Ks dé W4, kí àsẹ́ kan tí ó bàjẹ́ má baà darí ìdáhùn.

Eruku ojú ọ̀nà kò tíì fi wá sílẹ̀. Bí ó bá dín Ks ìràwọ̀ yìí kù ní magnitude 1, ojúlówó Ks rẹ̀ jẹ́ 8.0, alpha á sì bọ́ sí nǹkan bíi -0.9 tí a bá ka ìdínkù W4 sí òdo, tàbí nǹkan bíi -0.7 tí a bá gbà pé eruku inú ìkùukùu tí ó ki ń dín W4 náà kù ní nǹkan bí ìdajì ti Ks. Ìsọ̀rí rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní etí ààlà lè bọ́ sí apá kejì. Ẹ kọ alpha méjèèjì sílẹ̀, èyí tí ẹ yọ eruku kúrò nínú rẹ̀ àti èyí tí ẹ kò yọ. Ẹ tún rántí pé àwo tí ó bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa yóò bo ìràwọ̀ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, Ìsọ̀rí II bẹ́ẹ̀ yóò sì dà bí Ìsọ̀rí I. Nítorí náà ìsọ̀rí kì í ṣe ọjọ́ orí gẹ́lẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé, ní ìpíndọ́gba, iṣẹ́ c2d ṣírò nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 2 fún Ìsọ̀rí II àti nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ọdún fún Ìsọ̀rí I.

Àwọn afarawé

Gálásì (galaxy) jẹ́ agbo ìràwọ̀ ńlá bíi Ọ̀nà Wàrà tiwa. Èyí tí ihò dúdú ńlá ń jẹun ní àárín rẹ̀ ní eruku tí ó gbóná, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ìràwọ̀ tí ó ní àwo. Gálásì tí ó ń bí ìràwọ̀ púpọ̀ jọ wọ́n bákan náà. Ìràwọ̀ àgbà tí ó ń bọ́ awọ ara rẹ̀ dànù máa ń fi eruku tirẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, òun sì ni afarawé tí ó nira jù, nítorí pé eruku rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní tòótọ́. Gálásì sábà máa ń ṣókùnkùn, ìràwọ̀ àgbà wọ̀nyí sì sábà máa ń mọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí náà ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ máa ń ran àwọ̀ lọ́wọ́. Nínú ìkùukùu náà fúnra rẹ̀, gáàsì tí ọmọ ìràwọ̀ ń tú jáde lè lu gáàsì mìíràn kí ó sì tàn ní 4.5 máíkírọ́ọ̀nù bí àmì kékeré tí a lè pè ní ìràwọ̀.

Níbí ni tábìlì kejì ti wúlò. Ẹ lo gbogbo ààlà tí ẹ ti lò fún L1688 lórí ibi òfìfo náà láìyí ọ̀kan padà. Kò sí ìràwọ̀ ọ̀dọ́ níbẹ̀, nítorí náà gbogbo ohun tí ó bá yege jẹ́ afarawé, iye wọn sì ni iye tí ó yẹ kí ẹ retí nínú L1688. Iye náà lè ga ju òótọ́ lọ díẹ̀, nítorí pé ìkùukùu L1688 ń bo díẹ̀ nínú àwọn gálásì ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó péye, ẹ kọ́kọ́ dín ìmọ́lẹ̀ gálásì ibi òfìfo kù bí eruku L1688 yóò ti dín in kù, kí ẹ tó tún wọn yẹ̀ wò.

Ohun tí ọ̀nà yìí kò lè rí

Ọmọ ìràwọ̀ tí ó kéré jù lọ́jọ́ orí wà nínú eruku tí ó ki tó bẹ́ẹ̀ tí 2 máíkírọ́ọ̀nù pàápàá kò lè jáde. Ní ọdún 1993, Philippe André àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ìsọ̀rí 0 sílẹ̀ fún irú wọn, àpẹẹrẹ tí wọ́n sì lò ni VLA 1623, tí ó wà nínú L1688. Ìgbì rédíò àti ti ìdá mílímítà ni a fi ń rí irú rẹ̀, láti ọwọ́ àwọn awò bí ALMA ní aṣálẹ̀ Atacama. Ní òdìkejì, àwọn Ìsọ̀rí III ti pàdánù eruku wọn, àwọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ìràwọ̀ lásán. Ìtànṣán X àti ìwọ̀n ọ̀nà jíjìn àti ìrìn láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì Gaia ni a fi ń mú wọn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ojú ni Gaia lò, kò sì lè wọ ibi tí ó ki jù.

Bí ẹ bá rí àkókò gbà lórí awò ńlá

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní sọ lórí èyí. Afẹ́fẹ́ ayé àti awò alára ń tàn nínú infrared, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ń dí ọ̀pọ̀ ìgbì lọ́nà, ìdí nìyẹn tí irú awò bẹ́ẹ̀ fi wà lórí òkè gíga tí ó gbẹ bíi Mauna Kea ní Hawaii. Ẹ máa ya àwòrán kéékèèké púpọ̀ dípò ọ̀kan tí ó pẹ́, kí ẹ sì máa sún awò díẹ̀ láàárín wọn, kí ẹ lè fi àwòrán kan yọ ìtàn ojú ọ̀run kúrò nínú òmíràn. Nínú L1688, ìkùukùu tí ó ń tàn kún gbogbo ojú àwòrán, nítorí náà sísún díẹ̀ kò tó; ẹ gbé awò kúrò níbẹ̀ pátápátá lọ sí ibi tí ó mọ́ láti ya ojú ọ̀run, kí ẹ sì padà. Bí ẹ bá yọ ojú ọ̀run láti inú ìkùukùu alára, ẹ óò yọ díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tí ẹ wá wò dànù mọ́ ọn.

Kíkọ àbájáde sílẹ̀

Ẹ mú orúkọ AllWISE ohun kọ̀ọ̀kan tí ó yege, kí ẹ sì wá ipò rẹ̀ nínú SIMBAD, àká orúkọ tí ó wà ní Strasbourg. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀, bíi GSS tàbí Elias pẹ̀lú nọ́ńbà, láti inú iṣẹ́ àwọn ọdún 1970. Ẹ wo àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán W3 àti W4 kí ẹ tó gbà wọ́n, nítorí pé ní ibi tí àwọn ènìyàn ti yẹ̀ wò tó báyìí, ohun tuntun sábà máa ń jẹ́ apá ìkùukùu tí ó tàn tàbí gálásì. Nínú tábìlì ìkẹyìn, ẹ kọ ipò, magnitude gbogbo àsẹ́ àti àìdánilójú wọn, lẹ́tà ph_qual àti cc_flags, alpha méjèèjì, òfin eruku tí ẹ lò (iye tí ẹ gbà pé eruku ń dín ìmọ́lẹ̀ kù nínú àsẹ́ kọ̀ọ̀kan), ààlà tí ohun náà fi yege, àti iye afarawé tí ibi òfìfo fi hàn, kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ààlà yín lè fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ láìtún dátà náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.